Wọ́n ti format ẹ̀ títí, ó ṣì ń fà: kí la fẹ́ ṣe sí desktop yìí?

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní business centre kékeré kan, mò ń tẹ ìwé, mò ń ṣe fọ́tòkọ́pì àti lamination. Desktop tí mò ń lò, UK-used ni, Core i5 ìran kẹrin, RAM 4GB, hard disk 500GB, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè lọ ra ẹ̀kọ kí n jẹ ẹ́ tán kó ṣì máa yí. Tí mo bá ṣí Word, á kàn dúró gbagidi. Ẹ̀ńjìnníà tó ń bá mi ṣe é ti format ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á yá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, á tún padà sí bó ṣe wà. Tí NEPA bá mú iná lọ, ọjọ́ orí ẹ̀ máa ń padà sí ọdún àtijọ́, Chrome á wá máa sọ pé connection mi ò sí ní private. Ní báyìí Microsoft tún ní Windows 10 ti parí. Ṣé kí n tà á kí n ra òmíràn ni? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀."

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tíì tà á ná. Owó tí wọ́n máa fi rà á lọ́wọ́ yín ò lè ra ìdajì òmíràn, tẹ́ẹ bá sì fowó kún un tẹ́ẹ lọ ra UK-used míì tó jẹ́ pé irú hard disk yìí náà ló wà níkùn ẹ̀, ibi tẹ́ẹ wà yìí náà lẹ máa padà bá ara yín. Core i5 ìran kẹrin tẹ́ẹ ní yẹn, ọdún 2013 ni Intel bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìran yẹn jáde, lóòótọ́ ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n fún Word àti Excel àti kéèyàn máa print fọ́ọ̀mù fáwọn ọmọléèwé, agbára ẹ̀ ká a dáadáa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ kó pọ̀ sínú ìbéèrè kan: yíyí tó ń yí, ọjọ́ tó ń padà sẹ́yìn, àti ti Windows 10. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò sì sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí format ń wò.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti format yẹn, ìyẹn kí wọ́n pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tún Windows gbé sí i, torí ó ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, òun ni agbo tí wọ́n ń fún gbogbo aláìsàn: kò tètè tàn, format; ó ń háńgì, format; kò rí printer, format. Ìdí tó fi máa ń jọ pé ó ṣiṣẹ́ ni pé Windows tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí ẹ̀, òun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a du hard disk. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ẹ sọ yẹn ni update á máa wọlé, Defender tó ń bá Windows ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì á máa yẹ gbogbo fáìlì wò, Windows Search á máa to orúkọ fáìlì jọ, Chrome á dé, Office á dé, OneDrive á dé, software printer náà á kó ara ẹ̀ sáàárín àwọn tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láàárọ̀, gbogbo wọn á sì dojú kọ hard disk kan náà tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Kó tó di pé wọ́n tún gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi fẹ́ format. Tí wọn ò bá lè dárúkọ ohun tí wọ́n rí, ẹ gbé desktop yín padà sílé jàre.

Ohun tẹ́ẹ máa ṣe lọ́la nìyí, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ tan desktop, ẹ jẹ́ kó dé ibi tó ti ń yọ yín lẹ́nu gan-an, kẹ́ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager ló máa jáde. Tó bá jáde ní kékeré, ẹ tẹ More details nísàlẹ̀, kẹ́ẹ wá lọ sí Performance. Ẹ máa rí CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), Memory (ìyẹn RAM) àti Disk lápá òsì, lábẹ́ Disk yẹn sì ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí bóyá HDD (hard disk alápá àwo bíi tiyín) ni àbí SSD (irú tuntun tí ò ní àwo). Bẹ́ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yìí, ó dá mi lójú pé HDD lẹ máa rí, Disk á wà ní 100%, CPU á kàn jókòó sí 10 tàbí 20% bí ẹni tí wọn ò rán níṣẹ́. Ẹ tẹ Disk yẹn kẹ́ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Average response time sí. Hard disk tára ẹ̀ dá, tí iṣẹ́ ò pọ̀ lọ́rùn ẹ̀, bíi 10 sí 20 mílísẹ́kọ́ǹdù ló máa wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá ń rí 500, tẹ́ẹ ń rí 2,000, tí Read speed náà ò sì tó 2MB ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ibi tí ẹ̀kọ yín ti ń tán nìyẹn.

Ìdí ẹ̀ ò ṣòroó yé. Inú hard disk, àwo kan ló ń yí bíríbírí, ti desktop sábà máa ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, orí kékeré kan sì wà tó ń lọ tó ń bọ̀ lókè àwo yẹn láti wá ibi tí fáìlì wà. Lílọ bíbọ̀ kan ṣoṣo máa ń gbà tó bíi 10 mílísẹ́kọ́ǹdù, ìyẹn ni pé nǹkan kéékèèké tó lè dá lóhùn ní sẹ́kọ́ǹdù kan ò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ. Fíìmù ńlá kan tó tò tẹ̀lé ara wọn, á gbé e kíákíá, á lè máa ka 100MB ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Àmọ́ Windows 10 tó ń jí láàárọ̀ ò pe fíìmù, fáìlì pẹ́pẹ̀pẹ́ tó fọ́n káàkiri ló ń pè, wọ́n pọ̀ lọ súà, Defender náà sì fẹ́ yẹ ìkọ̀ọ̀kan wò kó tó kọjá. SSD ò ní àwo, kò ní orí tó ń rìn, chip lásán ni, èyí tí ò lówó lórí pàápàá á dáhùn nǹkan kéékèèké 10,000 sókè ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọgọ́rùn-ún àti 10,000 yẹn lẹ ń jókòó dúró dè láràárọ̀.

Àmọ́ o, àrékérekè kan wà níbẹ̀. RAM 4GB tẹ́ẹ ní yẹn, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, òun náà wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Windows 10 nìkan, kẹ́ẹ tó ṣí nǹkan kan, ó lè ti jẹ tó ìdajì ẹ̀, Chrome tó ní tab márùn-ún á jẹ ìyókù. Tí RAM bá ti kún, Windows ò ní sọ fún yín, ńṣe ló máa mú àwọn nǹkan tẹ́ẹ ò fọwọ́ kàn láti àárọ̀ lọ kó wọn sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ pagefile lórí hard disk, tẹ́ẹ bá tún padà sí Word, á lọ kó wọn bọ̀. Nítorí ẹ̀ ni àìtó RAM ṣe máa ń gbé ẹ̀wù hard disk wọ̀, Disk lẹ máa rí ní 100% ẹ ò ní mọ̀ pé Memory ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nítorí náà tẹ́ẹ bá wà nínú Task Manager, ẹ wo Memory pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá ń wà ní 85% sókè ní gbogbo ìgbà, ẹ máa nílò RAM náà. Tó bá jẹ́ 60% ló wà tí Disk sì wà ní 100%, hard disk nìkan ni.

Kẹ́ẹ tó náwó o, ẹ mọ̀ bóyá hard disk yẹn ń kú lọ. Ó yàtọ̀ sí kó kàn máa fà. Software kan wà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni, kékeré sì ni, ẹ dáúnlóòdù ẹ̀ kẹ́ẹ ṣí i. Tó bá kọ Good, ọkàn yín balẹ̀. Tó bá kọ Caution tàbí Bad, pàápàá tí láìnì 05 àti C5 bá ní nọ́ńbà tó ju òdo lọ, ibì kan ti bàjẹ́ lórí àwo yẹn, ohun tó sì kàn kì í ṣe àtúnṣe mọ́, fáìlì yín ni. Iṣẹ́ kọ́sítọ́mà, letterhead, pásípọ́ọ̀tù àwọn èèyàn, project àwọn ọmọ Poly, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí hard disk tìta tàbí Google Drive lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn kan á ní kẹ́ẹ sáré chkdsk /r, àṣẹ Windows tó ń yẹ disk wò. Ẹ má ṣe é kẹ́ẹ tó kó fáìlì tán! Chkdsk /r á ka gbogbo orí disk yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, èyí tó ti fẹ́ kú lè ṣe bẹ́ẹ̀ kú pátápátá sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìn tí fáìlì bá ti wà níbòmíràn lèèyàn ń dán irú ẹ̀ wò.

Ó yá, SSD. Èyí tó bá desktop yín mu ni èyí tí wọ́n ń pè ní SATA, 2.5 inch, 240GB tàbí 256GB tó fún yín torí ẹ ṣì lè fi 500GB àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa kó fáìlì sí, tí ara ẹ̀ bá dá. Ẹ rí i pé cable SATA kan ṣẹ́kù nínú desktop yẹn, tí ò bá sí ẹ rà á mọ́ ọn. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà o, ní Computer Village ní Ìkẹjà àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n á ní 2TB ni, owó 256GB ni wọ́n máa pè, tẹ́ẹ bá gbé e délé á fi 2TB hàn yín lóòótọ́, tẹ́ẹ bá wá kó fáìlì sí i títí, èyí tó kọjá ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an á kàn pòórá. H2testw lẹ máa fi dán an wò, ó máa ń kọ nǹkan kún un bámúbámú, á sì tún kà á padà bóyá ó pé. Ọjọ́ tẹ́ẹ bá rà á ni kẹ́ẹ ti dán an wò, ó kéré tán ẹ ṣì lè dá a padà.

Tẹ́ẹ bá ti ní SSD lọ́wọ́, èyí ni ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbà pé kí wọ́n gbé Windows tuntun, torí inú ilé tuntun ni wọ́n ń gbé e sí. Ọ̀pọ̀ UK-used ló wá pẹ̀lú license tiwọn tó so mọ́ motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá inú ẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́, nítorí náà tí wọ́n bá béèrè product key, ẹ tẹ I don't have a product key, ẹ mú Home tàbí Pro gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì á activate ara ẹ̀. Kẹ́ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ yẹ ohun kan wò lórí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí: ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, ẹ kọ slmgr /xpr, ẹ tẹ Enter. Tó bá sọ pé permanently activated, ó dáa. Tó bá sọ pé volume activation máa parí lọ́jọ́ báyìí báyìí, tọ́jọ́ yẹn ò sì ju oṣù mẹ́fà lọ, nígbà tẹ́ẹ kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá tó ní server, á jẹ́ pé activator, software tó ń ṣí Windows láì ní license, ni wọ́n fi ṣí i fún yín. Kí irú activator bẹ́ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́, wọ́n sábà máa ń pa Defender, tàbí kí wọ́n sọ fún un pé kó má wo fódà kan, ohunkóhun tó bá sì bá a wọlé láti ibẹ̀ ti rílé gbé nìyẹn. Mi ò sọ pé ẹ̀ńjìnníà yín kì í ṣèèyàn gidi, ohun tí wọ́n kọ́ ọ lòun náà ń ṣe, àmọ́ ẹ̀rọ tí kọ́sítọ́mà ń wọ email àti báńkì wọn lórí ẹ̀ ò yẹ kó nírú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú.

Ní ti RAM, DDR3 ni ìran kẹrin ń lò, èyí tó gùn, ti desktop, kì í ṣe kúkúrú ti laptop, DDR4 ò ní wọlé torí ibi tí wọ́n ti gé e yàtọ̀. 4GB kan sí i tó, yóò di 8GB. Tokunbo náà ò burú torí RAM kì í sábà bàjẹ́, ẹ sáà rí i pé wọ́n dán an wò lójú yín. Kẹ́ẹ tó rà á, ẹ lọ sí Settings, System, About, ẹ wo System type. Tó bá kọ 32-bit síbẹ̀, RAM 8GB tẹ́ẹ bá rà, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ á jókòó lásán, torí Windows 32-bit ò lè lò ju 4GB lọ, kì í tiẹ̀ pé 4GB tó ń rí lò. 64-bit ni kí wọ́n gbé sórí SSD yẹn. Tówó ò bá tó rà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, SSD ni kó ṣáájú, tí RAM bá tiẹ̀ kún, inú SSD ni pagefile á wà, ìyà yẹn á dín kù gan-an.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ń padà sẹ́yìn, ìyẹn rọrùn débi pé ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bátìrì kóróbótó kan wà lórí motherboard, CR2032 lorúkọ ẹ̀, 3 volt ni, irú èyí tó máa ń wà nínú rìmóòtù mọ́tò. Òun ló ń bá aago kọ̀ǹpútà ṣọ́ àsìkò nígbà tí iná ò sí. Desktop tó wà níbi tíná kì í ti í lọ lè má mọ̀ pé bátìrì yẹn ti kú fún ọdún mélòó kan, torí iná ara ògiri ló ń gbé aago yẹn dúró, àmọ́ tiwa níbí, NEPA kan tó mú iná lọ lálẹ́, ẹ ti padà sí ọdún tí wọ́n ṣe motherboard yẹn. Ìdí tí Chrome ṣe ń pariwo ni pé gbogbo ìkànnì tó ń lo https ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àtọjọ́ tó máa parí. Tí aago yín bá ní ọdún 2013 la wà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ìkànnì lóṣù tó kọjá á dà bí èyí tí wọn ò tíì kọ, Chrome á ní irọ́ ni. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í bú network, wọ́n á ra dátà míì. Windows náà kì í sábà lè tún aago yẹn ṣe fúnra ẹ̀ tí ìyàtọ̀ bá ti pọ̀ jù, update á kọ̀, activation á kọ̀.

Ẹ pa desktop, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ yọ bátìrì yẹn, ẹ fi tuntun sí i kí apá tó ní àmì + kọjú sókè. Nígbà tẹ́ẹ bá tàn án, ó lè sọ pé kẹ́ẹ wọ BIOS, ìyẹn ojú ètò motherboard tó ń ṣáájú Windows, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe. Ẹ wo nǹkan kan sí i níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: SATA mode, ọ̀nà tí motherboard ń gbà bá disk sọ̀rọ̀. Bátìrì tó kú lè mú kí BIOS padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é ní ilé iṣẹ́, SATA mode náà á yí láti AHCI sí IDE tàbí RAID, Windows tí wọ́n gbé sórí AHCI á wá dé ojú ìwé aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ INACCESSIBLE BOOT DEVICE sí, kò ní wọlé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nǹkan tí wọ́n á wò tí wọ́n á ní Windows ti corrupt, ó di format, nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kéèyàn yí i padà sí AHCI kó sì tẹ Save ló kù.

Tẹ́ẹ bá ti ṣí i báyẹn, ẹ fọn eruku ọyẹ́ inú ẹ̀ jáde, pàápàá lára fáànù, ẹ má sì ṣí àpótí iná inú ẹ̀ rárá. Ó tún dáa kẹ́ẹ máa wá owó UPS kékeré kan jọ. Iná tó lọ gbì nígbà tí disk ń kọ nǹkan lọ́wọ́ máa ń ba fáìlì jẹ́, SSD náà ò fẹ́ràn ẹ̀. Kí owó UPS tó jọ, ẹ lọ sí File, Options, Save nínú Word, ibi tí wọ́n kọ AutoRecover sí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń wà, ẹ sọ ọ́ di méjì.

Ó wá ku Windows 10. Òótọ́ ni pé ó parí, 14 October 2025 ni Microsoft dáwọ́ dúró lórí ẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá àti díẹ̀ tó jáde ní July 2015. Kò túmọ̀ sí pé á kú. Á máa tàn, á máa print, Word á máa ṣí. Ohun tó dáwọ́ dúró ni àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ tó máa ń wọlé lóṣooṣù, tí wọ́n bá rí ihò tuntun tí olè lè gbà wọlé, wọn ò ní dí i fún yín mọ́. Àmọ́ wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ ESU, títí di 13 October 2026 ni wọ́n máa fi máa bá àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ dí ihò wọ̀nyẹn. Ó gba 30 dọ́là, ṣùgbọ́n tẹ́ẹ bá fi Microsoft account wọlé, tẹ́ẹ gbà kó máa fi settings yín pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn, wọn kì í gba owó. Ẹ rí i pé version 22H2 ni Windows yín, kẹ́ẹ wá lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update, ibẹ̀ lẹ máa rí Enroll now. Ìdí tí ò fi yẹ kí wọ́n gbé ọdún àtijọ́ sílẹ̀ lórí aago yín lẹ́ẹ̀kan sí i nìyẹn, torí update ò ní dé.

Àwọn kan á sọ fún yín pé wọ́n lè bá yín gbé Windows 11 sórí ẹ̀. Wọ́n lè gbé e lóòótọ́. Microsoft ní kí Intel jẹ́ ìran kẹjọ sókè, kí TPM 2.0, chip ààbò kan, wà níbẹ̀, tiyín ò ní ìkankan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n Rufus, software tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí fláàṣì, lè bá èèyàn fo ọgbà yẹn. Mi ò ní gbà yín níyànjú ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tẹ́ẹ fi ń jẹun. Microsoft ò ṣèlérí update fún irú ẹ̀, àti pé tó bá di pé version tuntun jáde, ọwọ́ lẹ máa fi gbé e, ẹ máa tún máa pe ẹ̀ńjìnníà.

Linux Mint tí wọ́n ń lò dípò Windows ńkọ́? Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ọ̀fẹ́ ni, 4GB tó o, Mint 22 sì ní àtúnṣe ààbò títí di 2029. Fún ẹni tó kàn ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì àti email, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Fún business centre, ẹ fara balẹ̀. CorelDRAW kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. LibreOffice, tí wọ́n ń lò dípò Word níbẹ̀, á ṣí fáìlì Word, ṣùgbọ́n project olójú ewé ọgọ́rin tí kọ́sítọ́mà gbé wá, table ẹ̀ lè rìn, nọ́ńbà ojú ìwé lè yí, òun á sì ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Àwọn printer àti scanner kan náà ò ní driver, software tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ wọ́n, níbẹ̀. Ohun tó dáa nípa ẹ̀ ni pé ẹ lè gbé e sórí fláàṣì, kẹ́ẹ tan desktop láti orí fláàṣì yẹn láì fọwọ́ kan Windows, kẹ́ẹ so printer yín mọ́ ọn kẹ́ẹ wò ó bóyá á print. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ Sunday tí iṣẹ́ ò sí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ESU báyìí, kẹ́ẹ máa fi Mint dánra wò, tó bá wá di ìparí 2026 ẹ ti mọ èyí tẹ́ẹ máa ṣe.

Fláàṣì tí mo dárúkọ yẹn rán mi létí nǹkan tẹ́ẹ ò béèrè. Fláàṣì kọ́sítọ́mà ni ẹnu ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọ business centre. Ẹ ti máa rí èyí tó máa ń sọ gbogbo fódà di shortcut, tẹ́ẹ bá tẹ ẹ́, á ṣí fódà yẹn fún yín lóòótọ́, á sì kó ara ẹ̀ sínú desktop yín lábẹ́lẹ̀, ẹni tó bá tún ki fláàṣì bọ̀ ọ́ á gbé e lọ sílé. Ẹ má tẹ shortcut yẹn. Ẹ fi right-click lórí fláàṣì, ẹ ní kí Defender yẹ ẹ́ wò ná, kẹ́ẹ wá ṣí Command Prompt, tí fláàṣì bá jẹ́ E ẹ kọ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* kẹ́ẹ tẹ Enter. Àwọn fódà gidi tí wọ́n fi pa mọ́ á yọjú, kẹ́ẹ wá pa àwọn shortcut yẹn rẹ́. Àwọn èèyàn ń gba owó gidi lórí láìnì kan ṣoṣo yìí o, ẹ̀yin náà lè máa gbà á. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ ṣí account míì lórí Windows tó jẹ́ Standard, kí ti Administrator ní pásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀, ohun tó bá yọ́ wọlé ò ní lágbára láti dé ibi tó pọ̀.

Dátà náà, tó bá jẹ́ pé hotspot fóònù lẹ fi ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Wi-Fi yẹn nínú Settings kẹ́ẹ tan Set as metered connection. Èyí tó pọ̀ jù nínú update ò ní wọlé fúnra ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin lẹ máa yan ọjọ́ tẹ́ẹ fẹ́ gbà á, ẹ sá má gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Nínú Task Manager yẹn náà, ẹ lọ sí Startup, ẹ pa gbogbo ohun tẹ́ẹ ò nílò láàárọ̀, àmọ́ ẹ má pa Defender. Àwọn software tó ń pera wọn ní booster, registry cleaner, driver updater, ẹ yọ gbogbo wọn, ara àwọn tó ń fa desktop yẹn sẹ́yìn ni wọ́n.

Torí pé títẹ̀ ìwé ni iṣẹ́ yín: bọ́tìnnì Windows àti V máa ń tọ́jú nǹkan tó tó 25 tẹ́ẹ ti copy, ẹ ò ní máa lọ bọ̀ láàárín fáìlì méjì mọ́. Windows, Shift àti S á gé apá ibi tẹ́ẹ bá fẹ́ lójú screen. Tẹ́ẹ bá sì ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó lédè Yorùbá, ẹ fi Yoruba kún èdè inú Settings, Time & Language, kẹ́ẹ máa fi Windows àti Space yí láàárín òun àti Gẹ̀ẹ́sì. Tí àmì orí ẹ́ àti ọ́ bá ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tẹ́ẹ bá print, fọ́ǹtì ni ẹ lọ wò, torí lẹ́tà alámì méjì báyẹn ò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò, ńṣe ni wọ́n ń to àmì orí lé lẹ́tà tó ti ní àmì nísàlẹ̀, fọ́ǹtì míì ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Charis SIL àti Gentium mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì.

Bátìrì ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ rà torí òun ló wọ́n kéré jù, kẹ́ẹ kó fáìlì, kẹ́ẹ wá lọ sórí SSD. Tẹ́ẹ bá fi SSD sí i tán tó tún ń yí, ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ ya fọ́tò Task Manager nígbà tó bá ń yí lọ́wọ́, ojú Performance àti ojú Processes tẹ́ẹ ti tẹ orí Disk kí èyí tó ń lò ó jù wà lókè, kẹ́ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ohun tí slmgr yẹn sọ fún yín.